Kí Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀ Tó Pé: Bí A Ṣe Ń Tú Ẹ̀rù Ìrọbí

Ẹ̀rù ìrọbí kì í tètè dé. Ní oṣù méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, èébì àti àárẹ̀ ni obìnrin ń bá jà. Tó bá di oṣù karùn-ún, ara á fúyẹ́ díẹ̀, ọmọ á máa yí nínú, ayọ̀ á gba iwájú. Ìgbà tí oṣù keje bá wọlé, tí kò sí aṣọ tó lè bo ikùn mọ́, ni ìbéèrè náà á yọjú lóru: báwo ni èyí yóò ṣe jáde? Ẹni tó ti bímọ rí mọ ohun tó ń dúró de òun. Ẹni tó lóyún àkọ́kọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ẹnu ẹlòmíràn ló ti ń gbọ́ ọ, ẹnu wọn kò sì jọra.

Ìyá ọkọ á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àwọn bí mẹ́fà, aládùúgbò ò gbọ́ ohùn àwọn. Ọ̀rẹ́ tó bímọ ní èṣí á ní ohun tí ojú òun rí, òun ò lè rò ó tán. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ á gbà á lẹ́nu wọn, á bẹ̀rẹ̀ ìtàn obìnrin kan tó bá oyún lọ, aláboyún á sì jókòó síbẹ̀, á fọwọ́ lé ikùn, kò ní lè dìde kí wọ́n má bàa ní ó ń gbéra ga. Fíìmù wa náà ń dá kún un: bí wọ́n bá ti gbé obìnrin wọ yàrá ìrọbí, igbe la ó gbọ́, lẹ́yìn náà dókítà á jáde, á mi orí. Ìrọbí tí obìnrin ń rìn káàkiri, tó ń mu ògì díẹ̀díẹ̀, tó ń di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú títí ọmọ fi dé, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ ló pọ̀ láyé, ẹ kò lè rí i nínú fíìmù.

N kò gbà pé àìgboyà ni ẹ̀rù yìí, n kò sì gbà pé àìnígbàgbọ́ ni. Ohun tó ń mú un le ni pé a máa ń dá obìnrin náà dá a. A ó ní kó gbàdúrà, a ó ní kó ṣọkàn gírí, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tó yí i ká ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń lé ẹ̀rù lọ wà.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún wọn ni láti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rù náà. Bí obìnrin bá sọ pé ìrora ń ba òun lẹ́rù, tí ẹ jókòó tì í tí ẹ sì bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé ìrora nìkan kọ́. Ikú wà nínú rẹ̀. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ìlera ará ìlú ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100,000 tí a bá bí láàyè, ìyá 512 ni oyún tàbí ìbímọ ń gba ẹ̀mí wọn. Iye yẹn pọ̀ jù, ó sì yẹ kó máa dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń pa wọ́n: ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru tó di gìrì, kòkòrò àrùn tó wọ inú ara, ọmọ tó há. Ìrora kò sí lára wọn. Ẹ̀rù ikú ní iṣẹ́ tirẹ̀: kí obìnrin máa lọ sí kílíníkì aláboyún láìjẹ́, kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kó mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, kó bímọ sọ́wọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà, kí owó ọkọ̀ òru wà nílẹ̀, kí ọkọ ti lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ilé ìwòsàn bá ti ń béèrè rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ikú ń bà tí a sì ń kọ́ ní bí a ṣe ń mí, a kò tíì dá a lóhùn.

Ẹ̀rù mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ dárúkọ, ìyẹn ẹ̀rù àbùkù. Ìhòhò níwájú àlejò, ọ̀rọ̀ kòbákùngbé, ìgbájú lórí itan. Àwọn obìnrin wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ sí ẹni tó bá ké, pé ṣé bó ṣe ń ké nìyí nígbà tó ń lóyún. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé jáde ní ọdún 2019 wo obìnrin tó lé ní 2,000 lójú ìrọbí ní Nàìjíríà, Gánà, Gínì àti Myanmar. Ó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n nà, tí wọ́n bú, tàbí tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ìgbà tó sì pọ̀ jù ni láti nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọmọ tó jáde, nígbà tí obìnrin kò lágbára kankan láti gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń sá fún ilé ìwòsàn nítorí èyí kì í ṣe òpè. Ẹ bá a wá ibi tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún aláboyún. Ẹ jẹ́ kó lọ wo yàrá ìrọbí náà kí ọjọ́ tó pé, kó mọ ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, kó bá agbẹ̀bí kan sọ̀rọ̀ débi tí yóò fi mọ orúkọ rẹ̀.

Ó wá ku ìrora fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí ohun tí wọn kì í ṣàlàyé fún ẹni tí kò bímọ rí nìyí.

Iṣan ni ilé ọmọ, iṣan tó lágbára gidigidi. Fún oṣù mẹ́sàn-án ló gbé ọmọ dúró, tí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ sì pa dé. Lọ́jọ́ ìrọbí, iṣan náà á máa fún pọ̀, á máa fa ẹnu yẹn sókè títí á fi fẹ́lẹ́, tí á sì máa là. Sẹ̀ǹtímítà ni àwọn agbẹ̀bí fi ń wọ̀n ọ́n. Tó bá pé 10, ọ̀nà ti là tán. Iṣan tó ń fún àti ẹnu tó ń là yìí ló ń fa ìrora tó ń mú obìnrin lábẹ́ ìdodo, ní ìbàdí àti ní ẹ̀yìn. Bí orí ọmọ bá sọ̀kalẹ̀, ìrora náà á pààrọ̀: á di ohun tó ń tẹ ìdí, bíi pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́n, ojú ara á sì máa fà títí orí á fi yọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ìrora yìí máa ń dáwọ́ dúró. Nígbà tí ìrọbí bá gbóná, ilé ọmọ máa ń fún ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì ń gba bí ìṣẹ́jú kan, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ìrora kò fi sí níbẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á gòkè, á dé góńgó, á sọ̀kalẹ̀, ó tán. Nínú àlàfo yẹn obìnrin lè sọ̀rọ̀, ó lè mu omi, àwọn kan tilẹ̀ máa ń tòògbé. Ohun tí ẹni tó ń bẹ̀rù ń rò lọ́kàn ni ìrora kan ṣoṣo tó ń jó láti àárọ̀ di alẹ́. Ta ni yóò gbọ́ irú ìyẹn tí ẹ̀rù ò ní bà? Kò sẹ́ni tó ní kó fara da wákàtí mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú kan ni, lẹ́yìn náà kó sinmi, kó tó tún kan òmíràn. Bí ikùn bá wá le gbagidi tí kò dẹ̀ rárá, tí ìrora kò ní àlàfo, ìyẹn ti kúrò ní ìrọbí bó ṣe yẹ kó rí. Kí agbẹ̀bí tàbí dókítà gbọ́ kíákíá.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà máa ń dáyà jáni. Láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí dókítà Emanuel Friedman ṣe ìwádìí rẹ̀ lórí ìrọbí ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà pé ó kéré tán kí ẹnu ilé ọmọ máa là ní sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kan. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá yá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa wò ó bíi pé ara rẹ̀ kọ iṣẹ́. Dókítà Olúfẹ́mi Ọládàpọ̀, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa ìrọbí obìnrin tó lé ní 5,600 ní ilé ìwòsàn 13 ní Nàìjíríà àti Ùgáńdà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018: kí ẹnu ilé ọmọ tó pé sẹ̀ǹtímítà 5, sẹ̀ǹtímítà kan sábà máa ń gbà ju wákàtí kan lọ, yálà obìnrin ti bímọ rí tàbí kò bí rí. Ní ọdún yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé láti sẹ̀ǹtímítà 5 ni kí wọ́n ti máa ka ìrọbí gidi, pé láti ibẹ̀ lọ dé 10 kì í sábà ju wákàtí 12 lọ fún àkọ́bí, àti pé láti ìgbà tí ọ̀nà bá ti là tán, wákàtí mẹ́ta kì í sábà kọjá kí ọmọ tó jáde. Nítorí náà, bí wọ́n bá yẹ obìnrin wò ní ọ̀sán tí wọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 3 ló ṣì wà, tí ara rẹ̀ le, tí ọmọ sì ń mira dáadáa, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Báwo wá ni ẹ̀rù ṣe ń bá ìrora tan? Grantly Dick-Read, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1933 pé ẹ̀rù ń mú kí ara le, ara tó le ń mú kí ìrora pọ̀, ìrora tó pọ̀ á sì tún bí ẹ̀rù mìíràn. Ohun tí a mọ̀ nípa ara lónìí gbè é lẹ́yìn dé àyè kan. Oxytocin ni hómóònù tó ń mú ilé ọmọ fún. Bí àyà obìnrin bá já, adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ara á múra láti sá tàbí láti jà, èyí sì lè dí iṣẹ́ oxytocin lọ́wọ́, ìrọbí á falẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrọbí obìnrin kan fi lè máa lọ geere nílé, kó wá dẹ̀ bó bá ti dé wọ́ọ̀dù tí iná mọ́lẹ̀ rokoṣo, tí àwọn tí kò mọ̀ rí ń pàṣẹ fún un. Bí ọkàn bá tún balẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ padà.

Ibi tí Dick-Read àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ti sọ ọ́ kọjá àyè, lójú tèmi, ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbogbo ìrora di iṣẹ́ ẹ̀rù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí kò bẹ̀rù rárá, tí gbogbo nǹkan tò fún, ìrora lè mú un kíkankíkan. Ẹ̀rù kàn ń fi tirẹ̀ lé e ni. Ẹ má ṣèlérí fún aláboyún pé bó bá ti fọkàn balẹ̀ kò ní dùn ún. Bó bá wá dùn ún, á rò pé òun lòun ò ṣe dáadáa, ìtìjú á sì kún ìrora.

Àwa ẹlẹ́sìn náà máa ń ṣe irú ìlérí yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n á gbàdúrà pé kí aláboyún bímọ bíi ti àwọn obìnrin Hébérù. Àdúrà dára, mo sì ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n ẹ tún orí kìíní ìwé Ẹ́kísódù kà: àwọn agbẹ̀bí méjì, Ṣífírà àti Púà, ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún Fáráò, nígbà tó ní kí wọ́n máa pa àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n sì kọ̀. Èsì tí wọ́n fi dáàbò bo ìkókó ni. Wọn kò fi lélẹ̀ fún wa láti máa fi wọn ìgbàgbọ́ obìnrin tó ń rọbí ní Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́. Àlùkùránì, ní súrà 19, sọ ti Màríámù ìyá Ànábì Ísà: ìrora ìrọbí lé e dé ìdí igi dàbínù, ó sì sọ pé ì bá sàn kí òun ti kú ṣáájú àsìkò yẹn. Ohùn tó dá a lóhùn kò bá a wí. Ó ní kó má banú jẹ́, ó fi omi hàn án nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kó mi igi náà kí èso tútù já bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, kó jẹ, kó mu. Ọ̀rọ̀ ìtùnú, omi, oúnjẹ, igi tó lè dì mú. Mi ò tíì gbọ́ ìmọ̀ràn ìrọbí tó dára ju ìyẹn lọ.

Èyí tó gbéṣẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí a lè ṣe kò ní oògùn nínú: kí ẹnì kan tí obìnrin náà fọkàn tán wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ àjọ Cochrane, tó ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí 26 jọ láti orílẹ̀-èdè 17, obìnrin tó lé ní 15,000 ló wà nínú wọn. Àwọn tó ní alábàárò tí kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ìrọbí wọn kúrú díẹ̀, àwọn ni wọn kò béèrè oògùn ìrora púpọ̀, àwọn ni iṣẹ́ abẹ kò tètè kàn, àwọn náà ni kò fi ìbànújẹ́ rántí ọjọ́ náà. Kò sí àgbo tàbí abẹ́rẹ́ tó lè ṣe gbogbo èyí pọ̀.

Nígbà tí ìbí ṣì ń wáyé nínú agbo ilé, obìnrin kì í dá wà. Ìyá kan á wà níwájú rẹ̀, òmíràn á gbá a mú láti ẹ̀yìn bó ṣe kúnlẹ̀. Ilé ìwòsàn wá gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ìyá wọ̀nyẹn síta. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba, bẹ́ẹ̀dì púpọ̀ ló wà nínú yàrá ìrọbí kan ṣoṣo láìsí aṣọ ìkélé láàárín, nítorí náà wọn kì í gba ọkọ láyè. Ẹ má dúró di ọjọ́ náà kí ẹ tó mọ òfin wọn. Ẹ béèrè ní kílíníkì: ṣé ẹ ń gba ẹnì kan láyè? Bí kì í bá ṣe ọkọ, ṣé ẹ ń gba obìnrin? Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìlànà rẹ̀ pé kí aláboyún kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó bá wù ú lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ lè sọ ọ́ fún mátíróònù tìfẹ́tìfẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ibi tí aṣọ ìkélé ló jẹ́ ìṣòro, owó aṣọ ìkélé kò tó ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń ná sí ìsọmọlórúkọ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló sì yẹ ibẹ̀. Ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ débi tó fi máa ń sunkún ṣáájú rẹ̀, ìta ló ti lè ràn án lọ́wọ́ jù. Ẹ wá ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí kì í pariwo, tí ó lè dúró pẹ́ láìsọ pé ebi ń pa òun. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro: kó fi òrí pa ọwọ́, kó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìbàdí obìnrin náà dáadáa nígbà tí ìrora bá ń gòkè, kó rẹ aṣọ ìnura sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kó fi lé e lẹ́yìn, kó fún un lómi, kó máa sọ fún un pé èyí ti ń lọ, ó ti ń sọ̀kalẹ̀, kó bá a bi nọ́ọ̀sì léèrè ohun tí kò yé e. Bí obìnrin náà bá ní kó má fọwọ́ kan òun mọ́, kó yọwọ́, kó má sì bínú.

Ohun tí obìnrin fúnra rẹ̀ lè kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ara kì í rántí ohun tí kò ṣe rí. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí oyún tó pé, kó máa fi ìrọ̀lẹ́ dánrawò. Kó fa èémí wọlé nímú jẹ́jẹ́, kó tú u jáde lẹ́nu kó pẹ́ ju èyí tó fà wọlé lọ, kó jẹ́ kí èjìká àti àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀. Mímí gìdìgìdì ni kó ṣọ́ra fún. Ó máa ń mú kí òòyì kọ́ni, kí ọmọ ìka máa ta jìnnìjìnnì. Kó tún mọ oríṣiríṣi ìdúró: kó rìn, kó dojú kọ ògiri kó fara tì í, kó kúnlẹ̀ kó fọwọ́ lélẹ̀, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja ló burú jù fún ọ̀pọ̀, nítorí ìwúwo ilé ọmọ á tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá sì fẹ́ ké, kó ké. Ohùn tó nípọn tó ti inú wá ń ran èémí lọ́wọ́.

Ìrora ìrọbí ní oògùn, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú lílò ó. Nígbà tí dókítà James Young Simpson bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn chloroform fún àwọn tó ń rọbí ní Edinburgh ní ọdún 1847, àwọn kan fi ìwé Jẹ́nẹ́sísì ta kò ó, pé Ọlọ́run ló gbé ìrora lé Éfà lórí. Ní ọdún 1853, Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí dókítà John Snow fún òun ní chloroform nígbà tó ń bí ọmọ rẹ̀ Leopold, ariwo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, abẹ́rẹ́ pentazocine tàbí pethidine ló wọ́pọ̀. Ó ń dín ìrora kù, kì í pa á tán. Ó lè mú kí oorun kun obìnrin tàbí kí èébì gbé e, bí wọ́n bá sì gún un nígbà tí ìbí ti sún mọ́ jù, èémí ọmọ lè lọ́ra. Epidural ló ń pa ìrora jù: dókítà tó mọ̀ nípa oògùn tó ń pa ara kú á fi ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín kan sí ẹ̀yìn, láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ á sì dákẹ́. Kì í sọ ènìyàn di ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fa àkókò títi ọmọ gùn. Ilé ìwòsàn ńlá díẹ̀ ló ní in ní Nàìjíríà, ó sì ń ná owó, nítorí náà oṣù keje ni kí a ti béèrè rẹ̀. Ní ti iṣẹ́ abẹ, ẹni tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ gbẹ̀bí fún ti bímọ. Ìyá ni. Mo ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ nítorí àwọn tó kọ̀ ọ́ títí ó fi pẹ́ jù.

Àwọn ìyá wa ń fún aláboyún ní àbíwẹ́rẹ́ láti oṣù keje kí ìbí lè rọrùn, ìfẹ́ ló sì ń mú wọn ṣe é. Èyí tó bá jẹ́ àdúrà, ẹ gbà á. Èyí tó bá jẹ́ mímu, ẹ fi han dókítà ná: kò sẹ́ni tó wọn ohun tó wà nínú rẹ̀, ewé tàbí egbò tó bá ń fi ipá mú ilé ọmọ fún lè fa ewu fún ọmọ àti ìyá. Abẹ́rẹ́ tí àwọn kan ń gún láti fi yá ìrọbí níbi tí kò sí dókítà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oxytocin kan náà ni, ó dára lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ojú méjèèjì ṣọ́ iye tó ń wọlé. Lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó lè fa ilé ọmọ ya.

Ìgbà wo ni kí aláboyún kúrò nílé? Bí oyún kò bá ní ìyọnu, ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí dùn ún lò nílé ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn lọ: kó jẹun, kó wẹ̀, kó sùn bó bá lè sùn. Ohun tí wọ́n sábà ń sọ fún ẹni tí kò bímọ rí ni pé bí ìrora bá ń wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí ìkọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú kan, tó sì ti rí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, kó máa bọ̀. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó fẹ́ bímọ sí Ìkẹjà, tó mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà náà, kò gbọ́dọ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá já, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí ọmọ kò bá mira mọ́, bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an tí ojú ń ṣú, tàbí bí ibà bá gbé e, kò sí pé à ń ka ìṣẹ́jú.

Ó tún yẹ kó mọ̀ pé ìgbà kan ń bọ̀, tí ọ̀nà bá kù díẹ̀ kó là tán, tí ara á máa gbọ̀n, tí èébì lè gbé e, tí á sì sọ pé òun ò lè ṣe é mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ sílé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń sọ ọ́. Agbẹ̀bí tó gbọ́n kì í bá a jiyàn; ó mọ̀ pé ọmọ ti sún mọ́lé.

Àwọn kan wà tí gbogbo èyí kò ní tó fún. Ẹ̀rù tiwọn ti kọjá èyí tí àlàyé ń mú rọ̀: wọn kì í sùn, wọ́n ń sá fún kílíníkì, àwọn mìíràn ti ń yẹra fún oyún láti ọ̀pọ̀ ọdún wá bó tilẹ̀ wù wọ́n láti bímọ. Nígbà mìíràn ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ìfipábánilòpọ̀ tàbí ikú ẹnì kan tí wọ́n fojú rí. Àwọn dókítà Hofberg àti Brockington kọ nípa irú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2000, wọ́n sì pè é ní tokophobia. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni: ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọkàn, agbẹ̀bí kan náà tí yóò máa rí obìnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa oògùn ìrora, àti fún àwọn kan, iṣẹ́ abẹ tí òun àti dókítà jọ fara balẹ̀ pinnu. Gbogbo rẹ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí náà kí ó sọ ọ́, tàbí kí ẹ bá a sọ ọ́, ní kílíníkì tó bá kọ́kọ́ kàn.